Má Tíì Fà Á

Ohun àkọ́kọ́ tí bàbá mi kọ́ mi nípa ẹja pípa lóru ni pé kí n jókòó. A ti dé etí odò Tywi láti aago mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Wales, tí ó bá ti di oṣù kẹfà àti oṣù keje, oòrùn kì í tètè wọ̀. Aago mẹ́wàá kù díẹ̀, ojú ọ̀run sì mọ́ bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ní Ẹ̀pẹ́. Mo ti gbé ọ̀pá ìwọ̀ dání, mo ti wọ ṣòkòtò rọ́bà tó dé mi láyà, mo fẹ́ wọ omi. Bàbá mi na ọwọ́ sí orí koríko. Wọ́n ní, "Jókòó. Kò tíì ṣú."

Bàbá Welsh kan tó ń gbé ilé kejì sí tiwa ló kọ́ bàbá mi ní iṣẹ́ yìí. Màmá mi sọ wọ́n ní Bàbá Apẹja, orúkọ náà sì mọ́ wọn lára débi pé wọ́n ń dáhùn sí i. Bàbá Apẹja ní ẹni tó bá wọ omi kí ilẹ̀ tó ṣú dáadáa, ó ti lé ẹja tirẹ̀ àti ti ẹlòmíràn lọ fún gbogbo òru náà. Wọ́n ní kí a ka ìràwọ̀ méje kí a tó dìde. Tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, kí a wo koríko tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ wa. Tí a kò bá mọ̀ mọ́ pé ewé rẹ̀ tutù tàbí ó gbẹ, àkókò ti tó.

Ẹja tí à ń wí yìí, sewin ni àwọn ará Wales ń pè é. Tíráòtù ni, àmọ́ tíráòtù tó ti dé òkun ni. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé kò yàtọ̀ sí tíráòtù kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ tí kì í kúrò nínú odò rárá. Salmo trutta ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe àwọn méjèèjì. Àárín òkúta wẹ́wẹ́ kan náà ni ìyá wọn yé wọn sí. Àwọn kan á dúró sílé, wọn á máa jẹ kòkòrò, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ tóbi. Àwọn kan á bá omi lọ sí òkun, wọn á jẹun yó níbẹ̀, ara wọn á máa dán bí fàdákà, lẹ́yìn náà wọn á padà wá sínú odò láti yé ẹyin. Ọjọ́ tí bàbá mi ṣàlàyé èyí fún mi, ó wá sí mi lọ́kàn pé ẹja náà mà ń padà wálé. N kò sọ ọ́ síta.

Ọdún 2018 ni bàbá mi kúrò ní Nàìjíríà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Wọ́n lọ kàwé, ìwé parí, wọ́n rí iṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Oṣù kìíní ọdún 2024 ni èmi àti màmá mi tó lọ bá wọn. Ọdún mẹ́fà tó wà láàárín, inú fóònù ni mo ti mọ bàbá mi. Mo mọ iwájú orí wọn àti àjà yàrá wọn, nítorí wọn kò mọ bí a ti ń gbé fóònù dúró. Nígbà tí mo wá rí wọn ní pápákọ̀ òfúrufú, mo dọ̀bálẹ̀ dípò kí n kúnlẹ̀, tìyanutìyanu ni. Ọmọbìnrin ni mí o. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà tán, a kò sì mọ ohun tí a ó sọ tẹ̀ lé e.

Òru ni bàbá mi ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń sùn lọ́sàn-án. Òru ọjọ́ Sátidé nìkan ni wọ́n máa ń wà nílé, ojú wọn kì í sì í lè kún fún oorun mọ́ nítorí ó ti mọ́ ọn lára. Bàbá Apẹja rí iná yàrá wọn ní aago méjì òru lọ́pọ̀ ìgbà, ni wọ́n bá kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan, wọ́n ní ẹni tí kò lè sùn, kí ó kúkú wá sódò. Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ó di oṣù kẹfà ọdún 2025, bàbá mi ní kí n máa bá àwọn lọ. Wọ́n bá mi gba ìwé àṣẹ. Fún ọmọ ọdún mẹ́tàlá sí mẹ́rìndínlógún, wọn kì í gba owó lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n dandan ni kí ó wà. Mo rò pé màmá mi ló rán wọn níṣẹ́, kí àwa méjèèjì lè rí ibi sọ̀rọ̀.

Ẹja ni wọ́n bá mi sọ. N kò kọ̀.

Ìwọ̀ tí à ń lò kò ní ekòló lẹ́nu. Iyẹ́ àti irun ni wọ́n dì mọ́ ọn lára kí ó lè jọ kòkòrò. Irun àgbọ̀nrín dára jù, nítorí inú rẹ̀ ṣófo bí igi ìbẹ́pẹ, kì í jẹ́ kí ìwọ̀ náà rì. Ní ọ̀sán, ẹni tó ń fi irú ìwọ̀ yìí pẹja gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó máa léfòó lọ fúnra rẹ̀, bí kòkòrò tó já bọ́ sómi tí kò ní olùrànlọ́wọ́. Bí okùn bá fi lè fà á pẹ́nrẹ́n, tí ó fa ìlà sójú omi, tíráòtù á mọ̀ pé irọ́ ni. Lóru, òdìkejì rẹ̀ ni. Fífà yẹn gan-an ni à ń wá. A ó ju okùn sọ́dọ̀ èbúté òdìkejì, kí ó gbá díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ odò, a ó wá gbé ọ̀pá sókè kí okùn le. Omi á gbá a mú, ìwọ̀ á máa gba ojú omi kọjá, á sì máa fa ìlà méjì lẹ́yìn bí ìrù alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Ẹja tó wà nísàlẹ̀ kò rí àwọ̀ kankan. Ohun dúdú kan tó ń rìn lábẹ́ ojú ọ̀run ló rí, àti ìlà tó ń tẹ̀ lé e.

Ìdí tí sewin fi ń kọlu irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò yé mi títí di òní, torí pé tí ó bá ti padà wọ odò, kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹun mọ́. Bàbá Apẹja ní bóyá inú ló ń bí i.

Lọ́sàn-án, inú ibú ni wọ́n máa ń wà, lábẹ́ gbòǹgbò igi, wọn kì í mira. Tí ilẹ̀ bá ṣú tán, wọn á sọ̀ wálẹ̀ sí ìdí ibú, níbi tí omi ti tẹ́ pẹrẹsẹ tí kò sì jìn. Ibẹ̀ ni à ń dúró sí. Bàbá mi mú mi lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣáájú, kí n fi ẹsẹ̀ mọ ọ̀nà: ibi tí òkúta wà, ibi tí ilẹ̀ ti já, igi tí okùn máa ń há sí. A kì í tan iná. Tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo tí wọ́n mú dání, wọ́n ti fi ọ̀rá pupa wé ojú rẹ̀, àyàfi tí okùn bá lọ́jú ni wọ́n ń tàn án, wọ́n á sì kẹ̀yìn sí omi.

Èyí máa ń pa bàbá mi lẹ́rìn-ín. Bàbá tiwọn jẹ́ apẹja ní ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, fìtílà ni wọ́n máa ń gbé sí iwájú ọkọ̀ lóru kí ẹja lè wá wò ó. "Níbẹ̀ a ń tanná pè é," ni bàbá mi wí, "níbí a ń paná dè é." Ọjọ́ kan tí a lọ sí Carmarthen, ní ìsàlẹ̀ odò náà, wọ́n fi ọkọ̀ kan tí àwọn apẹja ibẹ̀ ń lò hàn mí. Coracle ni wọ́n ń pè é. Ó rí roboto bí ìdajì igbá, ènìyàn kan ṣoṣo ló ń gbà, tí ẹni náà bá sì gòkè, á gbé e kọ́ ẹ̀yìn bí ìjàpá. Títí di òní, ọkọ̀ méjì máa ń rìn pa pọ̀ lóru tí wọ́n á na àwọ̀n sáàárín láti kó sewin. Bàbá mi dúró ti ọkọ̀ náà pẹ́, wọ́n ń fi ọwọ́ nù ún. Wọ́n ní ká ní bàbá àwọn rí i ni, wọn ì bá béèrè pé ìdajì tó kù dà.

Òru mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo lọ, n kò pa nǹkan kan. Òru kìíní, òṣùpá yọ kalẹ̀, Bàbá Apẹja ní ẹja kì í fẹ́ràn òṣùpá. Òru kejì, afẹ́fẹ́ tutù ju omi lọ, kùrukùru ń rú lójú odò bí èéfín ẹja yíyan, èyí náà kò dára. Òru kẹta dára, ẹ̀bi mi ni. Mo ju ìwọ̀, mo jẹ́ kí ó máa bọ̀, ni mo gbọ́ "gbàmù!" nínú òkùnkùn. Àyà mi já, mo fa ọ̀pá sẹ́yìn. Òfo. Lẹ́ẹ̀kejì, "gbàmù!" Mo tún fà á. Òfo. Bàbá mi rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú omi.

"Etí lo fi ń pẹja. Tí o bá gbọ́ ọ, kò tíì gbé e dáadáa. Má tíì fà á. Jẹ́ kí ó wúwo lọ́wọ́ rẹ ná."

Ó rọrùn láti sọ. Kí ẹ dúró nínú òkùnkùn, kí nǹkan fọ́ omi níwájú yín, kí ẹ má sì ṣe ohunkóhun!

Tí a bá délé, màmá mi á béèrè pé ẹja dà. A ó ní kò sí. Wọ́n á ní títùs inú fìríjì àwọn kì í sá.

Ó yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ ìyá bàbá mi báyìí, torí òun ni ọ̀rọ̀ náà gan-an. Màmá Ẹ̀pẹ́ ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ọjà Olúwo ni wọ́n ti ń ta ẹja. Àwọn nìkan ló ń fi oríkì pè mí. Àwọn tó kù, orúkọ tí mò ń kọ sí iwájú ìwé ni wọ́n ń pè. Ọdún 2022 ni wọ́n kú, lówùúrọ̀ kùtùkùtù. Mùsùlùmí ni wá, a kì í pẹ́ sìnkú. Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ti gbẹ́ sàréè sí ẹ̀yìn ilé. Bàbá mi kò lè wá. Ìwé ìgbélùú wọn wà lọ́dọ̀ ìjọba nígbà náà, bí wọ́n bá sì jáde, ọ̀rọ̀ ìwé náà bàjẹ́ nìyẹn. Bàbá Kékeré, àbúrò wọn, pe fóònù wọn, ó tan kámẹ́rà, ó sì gbé e fún mi ní ojú fèrèsé yàrá ẹ̀yìn. Ó ní kí n gbé e dúró dáadáa kí ẹ̀gbọ́n òun lè rí ìyá àwọn.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí. Mo gbé e dúró. Mo ń gbọ́ tí bàbá mi ń sunkún nínú fóònù, ohùn náà ń já, ó ń so. Àwọn obìnrin wà lẹ́yìn mi nínú yàrá. Ọ̀kan ní, "Àrẹ̀mọ rẹ̀ ńkọ́?" Èkejì ní, "Ó wà nínú fóònù." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò ju ènìyàn mẹ́ta lọ tó rẹ́rìn-ín, kò sì pariwo. Wọ́n ti ń gbé òkú náà bọ̀ lórí ẹní. Mo wo ojú bàbá mi tó kéré bí ojú ìka, mo sì tẹ ibi pupa náà.

Wọ́n pè padà léraléra. Mo ti fóònù náà sábẹ́ ìrọ̀rí. Nígbà tí Bàbá Kékeré béèrè, mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Nàìjíríà ni, ta ni kò ní gbà á gbọ́? Ohun tí n kò mọ̀ ni pé irọ́ náà máa dàgbà ju mí lọ. Bàbá mi ń sọ ìtàn yẹn níbi gbogbo. Wọ́n sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n sọ ọ́ fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n ti fi èdè Òyìnbó sọ ọ́ fún Bàbá Apẹja: pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà ni kò jẹ́ kí àwọn rí ìyá àwọn wọ ilẹ̀. Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, mo máa ń lọ fọ abọ́.

Òru kẹrin, ìkùukùu bo ojú ọ̀run, ara ilẹ̀ móoru, kò sí atẹ́gùn. Bàbá Apẹja kò lè wá, orúnkún ń dùn wọ́n. Àwa méjì péré ni. A wo koríko títí a kò fi mọ àwọ̀ rẹ̀ mọ́, a wọ omi. Òkùnkùn náà dì débi pé n kò rí ọwọ́ ara mi. Mo kàn mọ ibi tí bàbá mi wà nítorí omi ń dún yàtọ̀ níbi tó ti ń lu ẹsẹ̀ wọn. Òwìwí kan ń ké lókè. Àdán ń fò kọjá, ọ̀kan fi apá kan okùn mi, ó gbọ̀n dé ìka mi.

Mo ti ju ìwọ̀ bí ìgbà mẹ́wàá kí bàbá mi tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ọjọ́ òní ni oṣù tí màmá kú." Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n mí kanlẹ̀. "Ká ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn kò já ni."

Bóyá tí mo bá rí ojú wọn ni, n kò ní lè sọ ọ́. Mo ní, "Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì, sà."

Omi ń lọ.

"Èmi ni mo pa á. Wọ́n ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nínú yàrá, wọ́n ní inú fóònù lẹ wà, inú bí mi. Kì í ṣe àwọn ni inú bí mi sí. Ẹ̀yin ni. Mo rò pé tí n kò bá jẹ́ kí ẹ rí wọn, ẹ máa—" N kò tíì mọ ohun tó kàn nínú gbólóhùn náà. Ọ̀pá náà wúwo lọ́wọ́ mi. N kò gbọ́ "gbàmù" kankan. Ó lè jẹ́ pé ó dún, tí n kò sì gbọ́. Ó kàn wúwo, bí ìgbà tí ènìyàn di ìkejì okùn mú tí kò fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Sà, nǹkan kan wà níbẹ̀."

Fún ìgbà díẹ̀, bàbá mi kò dáhùn. Nígbà tí wọ́n dáhùn, ohùn wọn ti yí padà. "Ó ti gbé e. Gbé ọ̀pá sókè. Má jẹ́ kí okùn dẹ̀."

Ẹja náà sáré. Okùn ń tú, ó ń ké. Ó fò sókè nínú òkùnkùn, a kò rí i, ìgbà tó já padà sómi ni a gbọ́, bí ẹni ju búlọ́ọ̀kù sódò. Bàbá mi ń sọ pé kí n jẹ́ kí ó lọ, ó yá kí n fà á bọ̀, ó yá kí n tún jẹ́ kí ó lọ, ẹnu rẹ̀ kò le, ó lè ya. N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Apá mi ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí àwọ̀n wọ omi, tọ́ọ̀ṣì pupa tàn.

Ó gùn tó apá mi láti ìgúnpá dé ìka, ó sì lé. Lábẹ́ iná pupa yẹn, kò rí bíi fàdákà, ó rí bí idẹ. Ojú rẹ̀ tóbi. Bàbá mi yọ ìwọ̀ náà, kò ní ẹ̀gún lẹ́nu, ó yọ wọ́ọ́rọ́. Mo rò pé a ó gbé e lọ sílé kí màmá mi lè gbẹ́nu dúró, ṣùgbọ́n bàbá mi paná, wọ́n kúnlẹ̀ nínú omi, wọ́n sì di ẹja náà mú pẹ̀lẹ́ kí ó kọjú sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, kí èémí rẹ̀ lè padà. Wọ́n fà mí lọ́wọ́ sínú omi náà kí èmi náà fọwọ́ kàn án. Ó ń mí. Ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kejì, ó lọ.

Bàbá mi kò dìde. Ọwọ́ wọn ṣì wà nínú omi. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà." Wọn kò ní kò sí wàhálà. Wọn kò ní wọ́n ti dárí jì mí. Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Ta ló wọ sàréè?"

"Bàbá Kékeré ni, sà."

"Òun nìkan?"

"Òun àti ọmọ Alfa."

"Òjò rọ̀?"

"Rárá, sà. Oòrùn ni. Wọ́n na aṣọ sókè bò wọ́n lórí, aṣọ aláwọ̀ ewé tí wọ́n máa ń dà bo ìgbá ẹja."

Mo gbọ́ ohùn kan lọ́fun wọn, n kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni. Wọ́n dìde, wọ́n fọwọ́ wá ọwọ́ mi nínú òkùnkùn, a sì ń fi ẹsẹ̀ wọ́ ilẹ̀ bọ̀ ní etí odò bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Nígbà tí a dé orí koríko, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí èmi náà jókòó.

"Àjọkẹ́," ni wọ́n pè mí. Wọn kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. "Bẹ̀rẹ̀ láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Má fo nǹkan kan."

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n pe ìrun Àsùbáà.